GIMP: mo fa róbótó yíká fọ́tò, ìlà rẹ̀ ò hàn. Ẹ gbà mí o

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun:

Ẹ̀yin àgbà iṣẹ́, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ GIMP ni, sọ́fíwia tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe, ẹ̀dà 2.10 ló wà lórí láptọ́ọ̀pù mi. Ìwé ìpè ayẹyẹ ọgọ́rin ọdún ìyá àgbà wa ni mo ń ṣe. Wọ́n ní kí fọ́tò màmá wà nínú róbótó, kí ìlà aláwọ̀ wúrà sì yí i ká. Mo mú Ellipse Select, mo fà á yíká ojú màmá, mo sì rí ìlà wínníwínní kan tó ń rìn yíká. Mo rò pé ó ti parí. Ìgbà tí mo sọ ọ́ di fáìlì àwòrán PNG tí mo fi ránṣẹ́ sí wọn nílé, wọ́n ní ìlà dà? Mo ṣí i wò lórí fóònù mi, lóòótọ́, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo wá irinṣẹ́ tí wọ́n fi ń ya róbótó àti onígun mẹ́rin, irú èyí tó wà nínú Word, mi ò rí i. Ṣé GIMP tèmi ló bàjẹ́ ni?

Ìyá Oníflàyà:

Kò bàjẹ́ rárá, ọmọ mi. Ohun tó ń rìn yẹn kì í ṣe ìlà. Selection ni. O kàn ń tọ́ka fún GIMP pé ibí yìí ni mo fẹ́ ṣiṣẹ́ lé lórí ni. Bíi ṣọ́ọ̀kì tí télọ̀ fi ń sàmì sára aṣọ: bí kò bá tíì gbé abẹ́rẹ́ lé e, kò tíì rán nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí kò fi bá ọ dé inú PNG.

Ṣe báyìí. Fa róbótó rẹ bí o ṣe fà á tẹ́lẹ̀, má tíì tẹ ibòmíràn. Lọ sí Layer > New Layer. Layer dà bí ọ̀rá tó mọ́ gaara tí a tẹ́ lé orí fọ́tò. Níbi tí wọ́n kọ Fill with sí, mú Transparency. Fún layer náà lórúkọ, torí tí layer bá ti pọ̀ tán, orúkọ ló máa yọ ọ́. Wo àpótí àwọ̀ méjì tó gun ara wọn nísàlẹ̀ àwọn irinṣẹ́. Èyí tó wà lókè ni GIMP máa fi ya ìlà. Tẹ̀ ẹ́, kí o yan àwọ̀ wúrà. Ó wá ku Edit > Stroke Selection. Ó máa béèrè Line width lọ́wọ́ rẹ, ìyẹn bí ìlà ṣe máa nípọn tó. Fi nọ́ńbà sí i, tẹ Stroke. Lẹ́yìn náà kí o lọ sí Select > None, kí èyí tó ń rìn yẹn lè kúrò, kí o lè rí ìlà gidi.

Má ya á sórí layer fọ́tò gan-an o. Tí ẹbí bá ní àwọn ò fẹ́ wúrà mọ́, pé pupa làwọn fẹ́ (wọ́n máa sọ bẹ́ẹ̀, mo mọ̀ wọ́n), layer kan ṣoṣo lo máa pa rẹ́. Fọ́tò màmá ò ní fara gbọgbẹ́.

Ọmọ Ẹ̀rọ:

Màmá ti sọ̀rọ̀ tán. Kí n kàn fi díẹ̀ kún un nípa irinṣẹ́ tó wá tí kò rí. Kò sí i nínú 2.10 ni. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ní yunifásítì Berkeley ní Amẹ́ríkà, Spencer Kimball àti Peter Mattis, ló bẹ̀rẹ̀ GIMP ní 1995, àtúnṣe fọ́tò sì ni wọ́n gbájú mọ́. Ìlà àti róbótó kì í ṣe ohun tó jẹ wọ́n lógún jù. Gfig wà nínú Filters > Render tó lè ya róbótó àti ìràwọ̀, àmọ́ mi ò lè ní kí ẹnikẹ́ni lò ó. Ó ti gbó, ìwọ̀nba ló lè ṣe. Stroke Selection ni kí o mọ̀ dáadáa. 3.2 ni wọ́n ṣe vector layer sí, èyí tó jẹ́ kí ènìyàn lè yí ìlà padà lẹ́yìn tó ti yà á tán.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun:

Ẹ ṣeun màmá, ẹ ṣeun ẹ̀gbọ́n. Mo ṣe gbogbo ẹ̀ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Mo tẹ Stroke. Kò sí nǹkan kan. Mo tún un tẹ̀, kò sí nǹkan kan.

Bọ̀dá Fọ́tò:

Àbúrò, fara balẹ̀. Stroke kì í dákẹ́ lásán. Ó ti ya nǹkan síbì kan, a máa wá a rí ni. Dá mi lóhùn: layer wo lo tẹ̀ tó ń tàn yòò nínú àpótí Layers nígbà tí o fi ṣe é? Nọ́ńbà wo lo fi sí Line width? Àwòrán náà tóbi tó báwo? Wo ìsàlẹ̀ fèrèsé àwòrán náà, wàá rí nọ́ńbà kan tó ní àmì % lẹ́yìn. Èló ni?

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun:

Layer tuntun tí màmá ní kí n ṣe ni, mo pè é ní "wúrà". Mo fi 2 sí Line width nítorí mo fẹ́ kó tẹ́ẹ́rẹ́. Àwòrán náà jẹ́ A4, 2480 x 3508 ló kọ. Nísàlẹ̀, 18% ni.

Bọ̀dá Fọ́tò:

Ó tán. Ìlà rẹ wà níbẹ̀. Ojú ni kò gbé e.

Ní 18%, GIMP ti sún àwòrán náà jìnnà sí ọ kí gbogbo A4 lè gba ojú kọ̀ǹpútà. Ìlà tó jẹ́ píksẹ́lì 2 (píksẹ́lì ni ẹyọ àmì tín-ín-tín tó para pọ̀ di àwòrán) ti wá di nǹkan tí kò tó ìdajì píksẹ́lì kan lójú rẹ. Tẹ nọ́ńbà 1 lórí kíbọ́ọ̀dù. Àwòrán náà máa bọ́ sí 100%. Fà á lọ síbi etí róbótó, wàá rí ìlà wúrà rẹ tó nà gbalaja. Shift+Ctrl+J ló máa dá gbogbo rẹ̀ padà sójú rẹ.

Àmọ́ má tíì yọ̀. 2480 x 3508 ni A4 ní 300 ppi. Píksẹ́lì 300 ló wà nínú ínǹṣì kan, torí náà píksẹ́lì 2 ò tó ìdá márùn-ún mílímítà kan. Tí o bá gbé e lọ fún onítẹ̀wé, ó máa tẹ́ẹ́rẹ́ jù. Tí o bá fẹ́ ìlà tí ènìyàn máa rí láti ibi tó jókòó sí, wá nǹkan bíi mílímítà 2, ìyẹn píksẹ́lì 24. Kò pọn dandan kí o máa ṣírò: nínú àpótí Stroke Selection yẹn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ nọ́ńbà Line width, wọ́n kọ px. Tẹ̀ ẹ́, yí i sí mm, kọ 2. GIMP á ṣírò fúnra rẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tó lè mú un ṣìnà ni tí ppi àwòrán náà bá kéré. Mílímítà 2 ní 72 ppi ò ju píksẹ́lì 6 lọ. Image > Print Size lo ti máa rí ppi.

Ctrl+Z kí èyí tẹ́ẹ́rẹ́ yẹn kọ́kọ́ kúrò, kí o tó ya tuntun.

Alátẹ̀jáde:

Ẹ jẹ́ kí n kó èyí tó kù jọ fún ẹni tó bá tún ń wá ìlà tó sọnù, kí ó má bàa jẹ́ pé ibi kan náà la ó máa padà sí. Àwọ̀ òkè nínú àpótí àwọ̀ lè jẹ́ funfun, kí o sì máa ya funfun lórí funfun. Layer tí o ń yà sí lè wà lábẹ́ fọ́tò, fọ́tò bò ó mọ́lẹ̀. Fà á wá sókè. Ojú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ layer lè ti pa dé. Tí layer náà bá ní mask (ohun tó ń bo apá kan layer mọ́lẹ̀ láìpa á rẹ́), tó sì jẹ́ pé mask lo tẹ̀, inú mask ni ìlà máa lọ.

Èyí tó máa ń dá mi lágara jù ni Lock alpha channel, àmì onígun mẹ́rin aláyò bíi bọ́ọ̀dù dráfù tó wà lókè àpótí Layers. Tí ẹ bá tẹ̀ ẹ́ lórí layer tí kò tíì sí nǹkan kan nínú rẹ̀, títí di ọ̀la lẹ máa ya ìlà, kò sí èyí tó máa hàn. GIMP ti gbà pé ibi tó ṣófo gbọ́dọ̀ ṣófo.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun:

Ó hàn!!! Ẹ ṣé gan-an ni. 24 ni mo lò. Ìṣòro mìíràn ló wá yọ báyìí o. Ìlà náà tún yí gbogbo etí ìwé ká, bí ẹni pé mo fi férémù sí A4 náà. Mi ò bèèrè fún ìyẹn.

Ìyá Oníflàyà:

O ti ṣe Select > Invert kí o tó tẹ Stroke, àbí?

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun:

Bẹ́ẹ̀ ni mà. Mo fẹ́ pa ẹ̀yìn fọ́tò rẹ́ kí ó ku róbótó nìkan.

Ìyá Oníflàyà:

Ibẹ̀ ló ti wá. Tí o bá yí selection padà, gbogbo ibi tí kì í ṣe róbótó lo mú yẹn, ó sì ní etí méjì: etí róbótó àti etí ìwé. Stroke máa ya gbogbo etí tó bá rí.

Ètò tó dára rèé. Fa róbótó. Select > To Path lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ìrísí róbótó náà wà ní ìpamọ́ bí ìlà (path), kí o lè máa padà sí i nígbàkígbà. Bọ́ sórí layer fọ́tò, Layer > Transparency > Add Alpha Channel. Tí o kò bá ṣe èyí, ibi tí o bá pa rẹ́ á di àwọ̀ ìsàlẹ̀ inú àpótí àwọ̀, kò ní ṣófo. Invert, Delete. Invert lẹ́ẹ̀kan sí i kí ó padà sí róbótó. Ìgbà yẹn lo tó máa bọ́ sórí layer "wúrà" láti ya ìlà.

Onísé Báńà:

Ẹ jọ̀ọ́, kí n gba ẹnu yín díẹ̀. Tèmi ń jáde, àmọ́ apá òkè àti apá òsì máa ń pẹlẹbẹ, bíi pé ẹnìkan fi ọ̀bẹ gé e.

Bọ̀dá Fọ́tò:

Layer tí ẹ ń yà sí kéré ju róbótó lọ ni. Ẹ wo ìlà aláwọ̀ òféèfé tó gé wẹ́wẹ́ yíká layer yẹn, ibẹ̀ ni ilé rẹ̀ parí sí. Fọ́tò tí ẹ lẹ̀ mọ́ ọn wá pẹ̀lú ìwọ̀n tirẹ̀, ìlà ò sì lè jáde kọjá ìwọ̀n yẹn. Layer > Layer to Image Size, kí ẹ tún yà á.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ìdí tó fi jẹ́ pé etí gan-an ló ti máa ń gé, nítorí ọ̀pọ̀ ènìyàn ò mọ̀ ọ́n. Stroke kì í ya ìlà síta selection, kì í sì í yà á sínú. Àárín ló máa ń gbé e sí. Píksẹ́lì 24, 12 wọlé, 12 jáde. Tí róbótó yín bá ti fẹnu kan etí layer, 12 tó yẹ kó jáde yẹn kò ríbi lọ. Èyí náà ló fà á tí ìlà fi máa ń jẹ díẹ̀ nínú gèlè màmá. Tí ẹ bá fẹ́ kí gbogbo ìlà wà níta fọ́tò, ẹ ṣe Select > Grow, ẹ kọ 12, kí ẹ tó tẹ Stroke. Àwọn tó ń lo Photoshop ò ní wàhálà yìí, torí Stroke tiwọn máa ń bi wọ́n bóyá ìta, inú tàbí àárín ni wọ́n fẹ́.

Jíjẹ Mímu Dísáìnì:

Kí ló dé tí ẹ ń fìyà jẹ ọmọ ọlọ́mọ? Ẹ ní kó lo Inkscape, sọ́fíwia tí wọ́n fi ń ya ìlà àti róbótó. Ọ̀fẹ́ ni. Ó máa fa róbótó, ó máa di Shift mú kó sì tẹ àwọ̀ wúrà lórí ìlà àwọ̀ tó wà nísàlẹ̀, ìlà etí á gba wúrà lójú ẹsẹ̀. Ó fẹ́ kó nípọn sí i? Shift+Ctrl+F, Stroke style, kó yí nọ́ńbà padà. Kò sí pé à ń pa á rẹ́, à ń tún un yà.

Ọmọ Ẹ̀rọ:

Òótọ́ lẹ sọ, fún àmì ilé iṣẹ́ tàbí ìwé tí kò ní fọ́tò, èmi náà Inkscape ni mo máa ń mú. Ṣùgbọ́n fọ́tò ayé àtijọ́ ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó máa nu ìdọ̀tí kúrò, ó máa tan ojú màmá. Ìyẹn kì í ṣe iṣẹ́ Inkscape. Tó bá tún lọ síbẹ̀, ìbéèrè tuntun ló máa gbé wá: "mo na róbótó mi tóbi, kí ló dé tí ìlà náà fi sanra?" Bọ́tìnì kan wà lókè níbẹ̀ tó ń pinnu bóyá ìlà á máa nípọn sí i bí ohun tí ẹ yà bá ń tóbi. Kò sí sọ́fíwia tí kò ní tiẹ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun:

Ẹ má bínú sí ara yín nítorí tèmi o 😂. GIMP ni mo fẹ́ parí ẹ̀ nínú. Ṣùgbọ́n róbótó mi rí bí ẹyin, kò yí dáadáa. Mo di Shift mú bí mo ṣe kà á níbì kan, ṣe ló tún fa òmíràn mọ́ èyí tó wà níbẹ̀.

Alátẹ̀jáde:

Ìgbà tí ìwọ di Shift mú ló fà á. Tí o bá ti di í mú kí o tó tẹ máòsì, "fi kún un" ni GIMP gbọ́. Kọ́kọ́ tẹ máòsì, bẹ̀rẹ̀ sí í fà á, kí o tó di Shift mú, má sì fi í sílẹ̀ títí wàá fi jáwọ́ lára máòsì. Bákan náà ni Ctrl: ṣáájú kí o tó tẹ̀, ó máa ń yọ kúrò, lẹ́yìn tí o bá ti ń fà á, ó máa jẹ́ kí róbótó náà tóbi láti àárín lọ síta, èyí tó dùn gan-an tí o bá fẹ́ kí imú màmá bọ́ sí àárín gẹ́lẹ́.

Tí gbogbo ìyẹn bá ń dà ọ́ láàmú, lọ sí Tool Options, fi àmì sí Fixed, yan Aspect ratio, kọ 1:1. Kò ní lè rí bí ẹyin mọ́.

Onísé Báńà:

Tèmi ti dára o, ẹ ṣé bọ̀dá. Àmọ́ etí ìlà náà rí págunpàgun, pàápàá tí mo bá sún mọ́ ọn.

Ọmọ Ẹ̀rọ:

Ẹ kọ́kọ́ rí i dájú pé 100% lẹ ti ń wò ó. Ní 400%, ohun gbogbo ló rí págunpàgun. Tó bá jẹ́ pé ní 100% náà ni, orí etí píksẹ́lì ni Stroke Selection ti ń tẹ̀ lé e lọ, ìtẹ̀sẹ̀ píksẹ́lì sì máa ń hàn lára róbótó. Ẹ gba ọ̀nà Path lọ. Select > To Path, ẹ ṣí Paths láti Windows > Dockable Dialogs, ẹ tẹ orúkọ path náà, kí ẹ wá ṣe Edit > Stroke Path dípò Stroke Selection. Antialiasing, èyí tó ń yọ́ etí, gbọ́dọ̀ ní àmì. Ìyàtọ̀ rẹ̀ máa hàn lójú kan náà. Ẹ má sì yan Stroke with a paint tool kí ẹ wá mú Pencil níbẹ̀; Pencil kì í yọ́ etí, bí wọ́n ṣe ṣe é nìyẹn.

Nǹkan mìíràn tún wà: tí ìlà bá mọ́ dáadáa nínú GIMP tó wá dọ̀tí lórí fóònù, JPG tàbí WhatsApp ló ṣe é. Ẹ fi PNG ránṣẹ́ gẹ́gẹ́ bí document, ẹ má fi í ránṣẹ́ bíi fọ́tò, torí WhatsApp máa ń fún fọ́tò pọ̀.

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun:

Ẹ̀gbọ́n, ìkan péré ló kù. Mo fa fọ́tò màmá ti ìgbà ọmọge tí wọ́n skán wá, mo ṣe bí ẹ ṣe wí, àwọ̀ wúrà náà jáde ní àwọ̀ eérú. Nínú àpótí àwọ̀, wúrà ni mo rí o.

Bọ̀dá Fọ́tò:

Ọ̀nà dúdú-àti-funfun ni wọ́n fi skán an, fáìlì náà sì wà ní Grayscale. Ó ṣeé ṣe kí wọ́n kọ ọ́ sókè fèrèsé náà gan-an. Nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀, kò sí àyè fún àwọ̀. Wúrà, pupa, ewé, gbogbo rẹ̀ á di eérú. Image > Mode > RGB. Ojú màmá ò ní yí padà, dúdú-àti-funfun ló ṣì máa jẹ́. Ìlà tí o ti yà tẹ́lẹ̀ ò ní padà di wúrà fúnra rẹ̀, pa á rẹ́ kí o yà á lótun.

Tí o bá fẹ́ kí wúrà náà máa dán, má fi àwọ̀ kan ṣoṣo sílẹ̀. Lẹ́yìn tí ìlà ti wà lórí layer rẹ̀, Lock alpha channel tí Alátẹ̀jáde ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ láìdára lókè yẹn, tẹ̀ ẹ́ báyìí. Tẹ G, yan wúrà dídán àti wúrà tó dúdú díẹ̀, kí o fa gradient (àwọ̀ kan tó ń yọ́ di òmíràn) láti igun kan sí èkejì. Ara ìlà nìkan ló máa gbà á, ibi tó ṣófo á ṣófo.

Alátẹ̀jáde:

Mi ò sọ pé kò wúlò o, bọ̀dá 😄

Akẹ́kọ̀ọ́ Tuntun:

Ó ń dán! Wọ́n ti rí i nílé, àǹtí mi ní kí n fi ìlà funfun yí orúkọ màmá náà ká, torí ó ń pòórá sínú aṣọ òkè tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ṣé Stroke náà ni?

Ìyá Oníflàyà:

Má fi Stroke kan layer ọ̀rọ̀ o. Tí o bá yà á sórí rẹ̀, ìlà náà á pòórá tí o bá tún orúkọ tẹ̀, bóyá nítorí pé wọ́n sọ pé ẹ ti gbàgbé "Alhaja" níwájú rẹ̀.

Fi máòsì ọ̀tún tẹ layer ọ̀rọ̀ náà, mú Alpha to Selection. Select > Grow, bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8. Ṣe layer tuntun tó ṣófo, fà á lọ sábẹ́ layer ọ̀rọ̀. Fi funfun ṣe àwọ̀ òkè, Edit > Fill with FG Color. Ó parí. Funfun á yọ jáde yíká lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ọ̀rọ̀ á ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá yí orúkọ padà, pa layer funfun rẹ́, kí o tún un ṣe. Ẹ̀yin tí ẹ bá ní 3.0, èyí tó jáde ní oṣù kẹta 2025, kò kàn yín: ẹ wo Tool Options irinṣẹ́ Text, ẹ máa rí i pé ọ̀rọ̀ ti lè ní ìlà etí tirẹ̀ níbẹ̀.

Fi XCF, fáìlì GIMP tó ń pa gbogbo layer mọ́, pamọ́ kí o tó sọ ọ́ di PNG. Àǹtí yẹn ṣì ń bọ̀.